Ọbẹ̀ Tí Ìyàwó Kò Tọ́ Wò

Clara kò rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kí ó tọ́ ọbẹ̀ wò rí. Ohun tó kọ́kọ́ mú kí ara máa fu ú nìyẹn.

Obìnrin tó bá ń se ọbẹ̀ ní Kudeti, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi ti Clara, ìbáà jẹ́ Aládùúrà bíi ti àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, yóò bu ọbẹ̀ díẹ̀ sókè, yóò kán an sí àtẹ́lẹwọ́, yóò lá a, yóò sì mọ̀ bóyá iyọ̀ kù. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ ní èyí. Bí ọmọbìnrin bá ti lè dúró nídìí ààrò, á ti máa ṣe é. Bí ẹni tí a gbé oúnjẹ tàbí omi fún bá sì ń fura, ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyàwó tí Ògoolúwa mú bọ̀ láti Íńdíà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á tẹ̀ sórí ìkòkò, á gbóòórùn rẹ̀, á wo àwọ̀ rẹ̀, á sì dé e. Lẹ́yìn náà á bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, á dúró tì í títí yóò fi jẹun tán, kó tó lọ bu tirẹ̀. Ẹni tó dáná tí kò jẹ nínú rẹ̀ títí ẹlòmíràn fi jẹ tán, kí ló ń dúró wò?

Revathi ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Madurai ni Ògoolúwa ti lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Fọ́tò ni Clara fi rí ìgbéyàwó wọn. Nígbà tí ọmọ náà rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ring Road, ó kó ìyàwó rẹ̀ wálé, wọ́n sì gba yàrá méjì iwájú nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ilé náà wà nínú agbolé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni olórí ẹbí.

Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni nǹkan ti wọ́. Clara jókòó sí pálọ̀, ó ń retí kí ìyàwó kúnlẹ̀. Ìyàwó kò kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ẹsẹ̀ Clara, ó sì gbé ọwọ́ náà lọ sí iwájú orí ara rẹ̀. Clara fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

"Kí ló mú ní ẹsẹ̀ mi?"

"Ìkíni ni, Màámi," Ògoolúwa dáhùn. "Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílùú wọn nìyẹn."

"Sọ fún un kó la ọwọ́ rẹ̀ kí n rí i."

"Màámi!"

"Kó la ọwọ́ rẹ̀, mo ní."

Revathi la ọwọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Clara kì í ṣe ọmọdé, ó mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń fi èèpẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni ṣe. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń ṣọ́ ilé ìdáná. Ohun tó rí níbẹ̀ kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Agolo kékeré kan wà tí wọ́n dé pinpin, bí ìyàwó bá ṣí i, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ burú ju ti ìrú tó ti ṣe kọjá ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó á fi orí ìka bù ú, á sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná. Àwọn hóró dúdú wẹ́wẹ́ kan tún wà tó ń ta pàràpàrà nínú òróró. Ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó ń gbé ní Olúyọ̀lé ló ń fún un ní wọn. Àwọn yòókù, ata ilẹ̀ pupa, àjàgbọn, àlùbọ́sà, ilá, Ọjà'ba ló ti ń rà wọ́n. Ilá yìí gan-an ni Clara kò lè gbà. Ìyàwó náà máa ń nu ilá gbẹ, á gé e, á sì dín in títí kò fi ní fà mọ́. Ta ló ń ra ilá nítorí kó má baà fà?

"Ìyálé mi, ẹ dákun, ṣé ẹ ti gbọ́ ilá tí kì í fà rí?" Sẹ̀gilọlá, ìyàwó olórí ẹbí, ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́.

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí ọkọ rẹ̀ má baà yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ò rí i pé kì í tọ́ ọ wò?"

"Mo rí i." Ẹ̀rín kúrò lójú Sẹ̀gilọlá. "Mo ti ń wò ó, èmi náà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa kọ́kọ́ jáde."

"Ẹ rí i!"

"Ṣùgbọ́n, Ìyá Ògo, ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń jowú ọmọ yín? Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹ gbàgbọ́ nínú Jésù."

"Mo gbàgbọ́ nínú Jésù," Clara ní. "Mo tún gbàgbọ́ pé èèyàn burú. Jésù náà gbà bẹ́ẹ̀."

Clara ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ, níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìbù fún àwọn aránṣọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ni Ògoolúwa ń gbà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Clara bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà oúnjẹ lọ síbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti dé, á fà á jókòó sẹ́yìn káńtà.

"Jẹ ẹ́. Àsáró ni. Mo fi ẹja sí i."

"Màámi, Revathi ti ń dáná nílé o."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o jẹ ẹ́. Bí o bá délé, sọ pé o ti yó. Má fi ẹnu kan nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Màámi. Ṣé ẹni tó fi oṣù mẹ́sàn-án gbé mi, tó fi ọmú rẹ̀ bọ́ mi, ni mo máa kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu? Ẹ̀yin ni oòrùn mi, ẹ̀yin ni òṣùpá mi."

"Mi ò bi ọ́ nípa oòrùn. Mo ní ṣé o máa jẹun nílé?"

"Mi ò ní jẹ, Màámi."

Ó jẹ àsáró náà tán. Clara ń wò ó. Ẹnu bàbá rẹ̀ náà dùn báyìí. Ọkùnrin yẹn lè sọ fún ọ pé òjò kò rọ̀ nígbà tí o ń fún omi jáde nínú aṣọ rẹ, wàá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Clara kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tí kò ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná, Clara gbọ́ tí ẹnìkan ń bì lẹ́yìnkùlé. Ó sáré jáde. Ògoolúwa ló fara ti ògiri, òógùn bò ó, ohun tó ń bì sì pupa bí ata ilẹ̀ tí ìyàwó ń lò. Revathi dúró tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Clara gbá ọwọ́ náà dànù.

"Kí lo fún un?"

"Ìrẹsì, Màámi. Ọbẹ̀." Revathi ti mọ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni èdè náà máa ń sá mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọbẹ̀ wo?"

"Màámi, ó ti tó," Ògoolúwa ní, ó ń nu ẹnu. "Inú mi ló kàn dà rú."

"O jẹ níbẹ̀! O ní o ò ní jẹ níbẹ̀!"

Ògoolúwa wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún tẹ̀ mọ́ ògiri, ó bì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Clara lọ bá Bàbá Obed, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí. Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá Obed kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn.

"Clara, aya àbúrò mi," ó ní, "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe fún mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Obìnrin yẹn ń fún un ní nǹkan jẹ. Mo fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí kò bá padà, èmi á mú ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òkè Bọ́lá, obìnrin náà nìkan á wá máa gbé yàrá náà."

Bàbá Obed yọ awò ojú rẹ̀. Ó gbé òwe rẹ̀ tì.

"Ẹ̀sùn ńlá ni," ó ní níkẹyìn. "Ká má fi ẹnu lásán dá a. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, kó dáná fún ẹbí. Gbogbo wa á jókòó ti oúnjẹ náà. Ẹni tí a ò bá lè jẹ oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó wa. Bí a ò bá lè jẹ ẹ́, kó padà sílé."

"Ṣé ọ̀rọ̀ yín nìyẹn? Ẹ ò ní yí i padà?"

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Clara kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi náà. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Revathi ti gé ilá kalẹ̀. Ó ti ń se ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n bí ìyeyè, ó sì ti rẹ àjàgbọn sínú omi. Ó gbé fóònù ti agolo kan lórí pẹpẹ. Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú fóònù náà, irun rẹ̀ funfun, ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ògiri aláwọ̀ ewé. Nígbà tó rí Clara, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì tẹrí ba.

"Ta ni yẹn?"

"Ìyá mi, Màámi."

"Kí ló ń sọ fún ọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wò mí."

"Ó ń wò ọ́ lásán?"

"Bí iná bá wà níbí, tí iná bá wà lọ́hùn-ún, ó máa ń wò mí tí mo bá ń dáná. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn."

Clara wo obìnrin inú fóònù. Obìnrin inú fóònù náà ń wò ó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Clara rò ó pé, bóyá ìyẹn gan-an ló ń kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá," nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó níwájú àgbà kó má kí i, lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìkòkò.

"Kí ni ìyẹn tó o dà sí i?"

"Ata ilẹ̀ pupa, Màámi."

"Èyí ńkọ́?"

"Ewé ni. Ó wà fún òórùn."

"Gbé e wá kí n gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Bù díẹ̀ sórí ilẹ̀ kí n rí i. Kí ló dé tí o fi ń yí ẹ̀yìn sí mi?"

Báyìí ló ṣe ń bi í títí. Bí ọmọbìnrin náà bá mú nǹkan, á dúró, á gbé e wá, á ṣàlàyé rẹ̀, á padà sídìí ìkòkò, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ìyá rẹ̀ inú fóònù sọ nǹkan kan ní èdè wọn, òun náà dáhùn lọ́rọ̀ kan, ó sì pa fóònù. Clara ṣọ́ ọ títí dé òpin. Kò tọ́ ọ wò. Kò kán an sí àtẹ́lẹwọ́, kò lá ṣíbí, kò lá ìka.

Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n kó oúnjẹ sí pálọ̀ Bàbá Obed. Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀: Bàbá Obed, Sẹ̀gilọlá, Clara, Ògoolúwa àti ìyàwó rẹ̀. Ìrẹsì funfun, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tó ní àjàgbọn nínú, ilá díndín tí kò fà. Revathi kọ́kọ́ bu ti Bàbá Obed, ó bu ti àwọn yòókù, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò bu tirẹ̀.

"Ẹ má tíì jẹ ẹ́," Clara ní. "Kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Sẹ̀gilọlá rọra gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

Bàbá Obed yíjú sí Revathi. "Ọmọ mi, bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Nǹkan kékeré ni."

Ojú Revathi pọ́n. "Bàbá, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ gbọ́ o!" Clara ti dìde. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Kò lè ṣe é!"

Revathi bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yára. Ó ní nínú ilé àwọn, ohun tí ẹnu bá ti kàn, àjẹkù ni. Ìyá àgbà òun ló kọ́ òun láti kékeré pé ẹni tó ń dáná kì í tọ́ oúnjẹ wò kí àgbà tó jẹ ẹ́, nítorí pé yóò dà bí ẹni pé ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó wá kó ìyókù fún àgbà. Imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Òun lè ṣe ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá sọ. Ṣùgbọ́n kí òun gbé àjẹkù òun síwájú Bàbá àti Màámi, òun kò ní ṣe é, kódà bí wọ́n bá lé òun.

"Ọ̀rọ̀ dídùn," Clara ní. Ó lóye Gẹ̀ẹ́sì tó láti mọ ohun tó sọ. "Àpọ́nlé ni kò jẹ́ kó tọ́ ọ wò. Àpọ́nlé náà ló mú ọmọ mi bì?"

Ògoolúwa mí kanlẹ̀. "Màámi, oúnjẹ yín ló mú mi bì."

"Kí lo wí?"

"Tiyín àti tirẹ̀. Mo ń jẹ tiyín ní Bẹẹrẹ, bí mo bá délé mo tún ń jẹ tirẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin bínú, mi ò fẹ́ kí òun sunkún. Oúnjẹ méjì lójoojúmọ́, Màámi, mo ti fẹ́ bẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ ń fi iyán kún iyán fún mi ni."

Sẹ̀gilọlá kò lè mú un mọ́ra. "Yéè! Ikùn kan, ìyàwó àti ìyá!"

Revathi kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "O jẹun ní ṣọ́ọ̀bù kó o tó wá jẹ tèmi? Tó o sọ fún mi pé oúnjẹ tèmi nìkan ni ebi rẹ̀ ń pa ọ́?"

"Ẹ rí i bẹ́ẹ̀," Clara ní. "Ó parọ́ fún mi, ó parọ́ fún ìyẹn. Kí ni yóò wá ní kó má parọ́ fún ẹ̀yin náà, Bàbá? Ó ń bo ìyàwó rẹ̀ láṣìírí ni."

"Ó dáa." Ògoolúwa fa abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. "Èmi á jẹ ẹ́ níwájú gbogbo yín, ẹ ó wá rí bóyá mo kú." Ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ kún ṣíbí, ó gbé e dé ẹnu.

Clara gbá ọwọ́ náà mú.

"Gbé e kalẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó o sí ẹnu ara rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá figbe ta. Bàbá Obed dìde, awò ojú rẹ̀ sì já bọ́ sínú ìrẹsì. Clara ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ọrùn rẹ̀ nà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó di tábìlì mú.

"Màámi!" Ògoolúwa ti gbá a mú. "Màámi, kí ló ń ṣe yín?"

"Omi," Clara ní.

Revathi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ife. Clara gbà á, kò wo ẹni tó gbé e, ó mu ún tán, ó na ife náà kí wọ́n tún bu òmíràn.

"Iyọ̀," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ìgbà mélòó lo da iyọ̀ sí nǹkan yìí?"

Revathi fọwọ́ bo ẹnu. "Màámi... mi ò mọ̀. Ẹ ń bi mí léèrè, mo ń dáhùn. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń rò pé mi ò tíì dà á sí i."

Bàbá Obed fi orí ṣíbí tọ́ díẹ̀ wò, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tó dára. "Ó ní... adùn kan wà nínú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tí ènìyàn bá fi sùúrù..."

"Bàbá, kò ṣeé jẹ," Clara ní.

Nígbà yẹn ni Revathi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àgbà ti jẹun, kò sí ohun tó tún ń dá a dúró. Ó fa abọ́ tí Clara ti jẹ níbẹ̀, ó bu ọbẹ̀ náà kún ṣíbí kan náà, ó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ojú tirẹ̀ náà fún pọ̀.

"Ó burú," ó ní ní Yorùbá. "Ó burú gan-an."

Clara padà jókòó. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ nínú pálọ̀ náà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ létí.

Bàbá Obed ń fi aṣọ nu ìrẹsì kúrò lára awò ojú rẹ̀. "A ti ní ẹni tí a ò bá lè jẹ oúnjẹ rẹ̀, kó padà sílé. A ò sì lè jẹ èyí. Ìyá Ògo, ẹ̀yin lẹ mú ẹjọ́ wá. Kí ni ká ṣe?"

Clara wo ọmọbìnrin náà. Ó ṣì ń wò ó pẹ̀lú ìfura, ojú rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wo èèyàn. Ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn.

"Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn ní májèlé," ó ní, "á mú oúnjẹ náà dùn. Á mú un dùn kí èèyàn lè jẹ ẹ́ tán, kó tún bèèrè sí i. Ta ló lè jẹ èyí tán? Ajá gan-an ò lè jẹ ẹ́ tán. Kó dúró."

Ògoolúwa dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin ni oòrùn..."

"Pa ẹnu rẹ dé. Ìwọ ni mo ṣì ń bọ̀ wá bá." Ó nàka sí Revathi. "Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, èmi ni n ó máa tọ́ ọ wò. Bí o kò bá lè fi ẹnu kàn án ṣáájú àgbà, àgbà ni mí. N ó máa dúró tì ọ́."

Revathi rò ó wò fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ tó lòdì sí ìyẹn. Ó mi orí pé òun gbà.

"Ìyá Ògo," Sẹ̀gilọlá ní, "ẹ má bínú o. Ṣé nítorí iyọ̀ ni àbí nítorí májèlé?"

"Nítorí méjèèjì," Clara dáhùn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní ọjọ́ kejì, Clara ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìkòkò ń hó. Revathi bu ọbẹ̀ díẹ̀ sókè. Clara na àtẹ́lẹwọ́, ọmọbìnrin náà kán an sí i, ó rọra ṣe é kó má baà jó o. Clara lá a. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí ohun tí inú rẹ̀ yóò sọ.

Inú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

"Gbé e fún ọkọ rẹ," ó ní.